Ààrò Tí A Bá Nínú Kànga

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ga tó etí kànga, kò sí ògiri ilé iṣẹ́ kankan lórí ilẹ̀ tó wà láàárín Ọ̀tà àti Ìjù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí, tí ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń di yín létí, ẹ ò lè mọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ẹ̀, àti ọ̀pẹ, àti ilé alámọ̀ wa níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀.

Kànga ni wọ́n ń gbẹ́ nílé wa. Mi ò ní ṣe ojú ayé fún yín, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ tó wa. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti gbẹ́ kànga láti Ìjù títí dé Alapoti, kò sí ọ̀kan tó wó nínú wọn. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò níléèwé, kò sì dí mi lọ́wọ́ ohunkóhun.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan wá ń wá ilẹ̀ rà lọ́dọ̀ wa ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa àti ẹbí kejì tí ilé wọn wà lódìkejì odò. Àwa ní bàbá wa ló kọ́kọ́ dáná sórí ilẹ̀ yẹn. Àwọn náà ní bàbá tiwọn ni. Bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn: bàbá ta ló kọ́kọ́ dáná síbẹ̀? Ẹbí tí wọ́n bá gbà gbọ́ ló máa ta ilẹ̀, èyí tó kù á kó ẹrù ẹ̀, á máa wá ibi tó máa sùn. Ilé wa sì rèé, àárín ilẹ̀ tí à ń jà sí gan-an ló wà.

Bàbá mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní òun máa gbẹ́ kànga sí i, kí gbogbo ayé lè rí i, torí ta ló máa ń gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀? Ó gbé dígà, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí kejì ò lù ú, wọn ò bú u. Olórí ẹbí wọn, bàbá arúgbó kan tó máa ń fi fìlà bo etí kan, kàn ní kí wọ́n gbé àga òun wá sábẹ́ igi ọsàn. Ó jókòó, ó ń wò wá.

“Ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa o,” ló ń sọ. “Àwa la máa mu ún.”

Bàbá mi á dáhùn látinú ihò: “Ẹ má gbàgbé ife yín nílé, bàbá.”

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi ló ń fa korobá iyẹ̀pẹ̀ sókè. Nígbà tí ihò náà ti jìn tó ìdúró èèyàn méjì, korobá gòkè wá, ilẹ̀ inú ẹ̀ dúdú. Kì í ṣe ilẹ̀ dúdú ti orí oko. Èédú ni. Bàbá mi wá ké sókè pé kí wọ́n fi okùn sọ èmi kalẹ̀, torí èmi ni mo fúyẹ́, kí n wá bá òun di nǹkan kan mú kó má baà fọ́.

Mo rí i. Òkúta mẹ́ta ni, wọ́n kọjú síra wọn bí a ṣe ń tò ó nílé ìdáná. Eérú wà láàárín wọn, ìdajì ìkòkò sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnì kan ti se oúnjẹ níbẹ̀, ó sì dìde, ó lọ. Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run ò ju ẹnu agbada lọ, orí àwọn èèyàn tó ń yọjú wò wá sì rí bí èkùrọ́ tí wọ́n tò sí etí ẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀ nìkan ló máa ń kún agboolé wa, rọra ń fi ìka gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìkòkò náà.

Nígbà tí a kó wọn gòkè, olórí ẹbí kejì dìde lórí àga. “Iná bàbá wa nìyẹn. Mo sọ fún yín, àbí mi ò sọ?”

Àbúrò bàbá mi ní irọ́ ni, iná tiwa ni. Àgbàlagbà méjì wá ń fa ìdajì ìkòkò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí ìyá bàbá mi fi jáde látinú ilé ìdáná. Ìkòkò ni ìyá yẹn mọ tà nígbà tí ara ẹ̀ le. Tó bá ti rí ìkòkò, ó ti mọ ẹni tó mọ ọ́n. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi àtàǹpàkò tọ ọnà ara ẹ̀, ó tún yí i padà.

“Mi ò mọ ọwọ́ yìí,” ló sọ. “Kì í ṣe tiwa. Kì í ṣe tiyín náà.” Ó wo inú ihò, ó wo olórí ẹbí kejì. “Àbí inú ilẹ̀ ni bàbá tiyín ń gbé ni?”

Àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ náà pa ẹnu dé. Mo bá bàbá ọkọ mi láyé. Orí ilẹ̀ ló ń gbé.”

Olórí ẹbí kejì wo inú ihò náà, ohùn ẹ̀ sì ti wálẹ̀. “Ìyá, ta wá ni wọ́n?”

“Ṣé mo mọ̀ wọ́n ni?”

“Ibo ni wọ́n lọ?”

“Ibi tí à ń lọ.”

Ó ní òkúta náà ṣì dára. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìdáná wa, ó dáná sí wọn, ó gbé ẹ̀wà kaná. A jẹ ẹ̀wà yẹn nírọ̀lẹ́, olórí ẹbí kejì náà jẹ níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi padà sínú ihò, ó gbẹ́ ẹ títí ó fi kan omi. Arúgbó yẹn gbé ife ẹ̀ wá lóòótọ́. Wọ́n bu omi fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún lè la ẹnu sọ pé bàbá òun ló kọ́kọ́ dáná. Ẹbí méjèèjì jọ ta ilẹ̀ náà fún ilé iṣẹ́, ilé wa bá a lọ. A kó ẹrù wá sí Sángo. Nínú ìkánjú, òkúta mẹ́ta náà kù sílé ìdáná, katapílà sì wó ilé lé wọn lórí.

Ọmọ mi kan tó wà ní yunifásítì wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ayé wa yìí ò ju ẹyọ iyanrìn kan lọ láàárín àwọn oòrùn tí kò lóǹkà?” Ó rò pé ẹnu máa yà mí. Mo ní ó dáa, kó lọ jẹun. Kí wọ́n tó bí ẹni tó ń kọ́ ọ ni mo ti wo ojú ọ̀run látinú ihò, tí mo ti rí bí orí èèyàn ṣe kéré tó.

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi gba ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà. Mo dúró, mo ń fojú wá ibi tí kànga wa wà. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì bi mí pé, “Bàbá, ta lẹ ń wá?”

Mo ní ilé wa ló wà níbí.

“Ibo nìyẹn, bàbá?”

Mo nawọ́ sí ibi tí wọ́n páàkì tírélà sí. Ó wo ibẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, ọkọ̀ kan ń jáde bọ̀. Mo sún sẹ́yìn. Ẹ má rò pé ó dùn mí. Mo wá ibi tó yẹ kó ti dùn mí nínú ara mi, mi ò rí i.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀rọ ló ń gbẹ́ omi báyìí, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ kì í rí ohun tó ń gbẹ́ kọjá. Èmi ṣì ń fi ọwọ́ gbẹ́ tèmi fún ẹni tó bá pè mí, mo sì ṣì ń fi ìka kọ orúkọ mi gàdàgbà sí sìmẹ́ńtì etí ẹ̀ kó tó gbẹ. Òkúta mẹ́ta yẹn wà lábẹ́ tírélà. Lọ́jọ́ kan tí ilé iṣẹ́ náà ò ní sí mọ́, ẹnì kan máa gbẹ́ ibẹ̀, á bá wọn pẹ̀lú eérú iná tí a fi se ẹ̀wà. Á ní bàbá òun ló kọ́kọ́ dáná síbẹ̀. Ará ilé kejì ẹ̀ á ní irọ́ ni.