Kọ̀ǹpútà Méjì Tó Ń Jẹ́ Mọ́mì

Ẹ̀kọ́ ilé fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí.

Ọ́fíìsì kan ní Òkè Àdó ni èmi àti ọ̀gá mi ti lọ so kọ̀ǹpútà yàrá òkè pọ̀ mọ́ ti yàrá ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ní kí n fi orúkọ ẹni tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ọ́, torí orúkọ yẹn ni rúta, ẹ̀rọ tó ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, máa fi wá a rí.

Obìnrin àgbà méjì ló ń lò wọ́n. Kí èmi máa pe àgbàlagbà lórúkọ? Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mo kọ "Mọ́mì" sí ti òkè, mo tún kọ "Mọ́mì" sí ti ìsàlẹ̀.

Bí a ṣe so wọ́n pọ̀ báyìí, fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì òkè ń lọ já sọ́dọ̀ Mọ́mì ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, Mọ́mì wo ni kí rúta mú? Tí kò bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, má wá lọ́la o."

Mo sáré yí ti òkè sí "Mọ́mì Tọ́lá", torí Tọ́lá lorúkọ ọmọ wọn. Mo bi Mọ́mì ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ ọmọ yín?"

Ọ̀gá sọ ọ́ sí mi létí: Wọn ò bímọ. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ni Mọ́mì ìsàlẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. "Kọ Àbẹ̀kẹ́. Àtìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo kọ ọ́. Fáìlì dé tààrà.

Gbogbo ọ́fíìsì yẹn á wá máa tẹ Àbẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ṣé ọwọ́ yín á gbà láti máa tẹ oríkì àgbàlagbà bẹ́ẹ̀?