Géètì Tí A Ti Pàdé Àwọn Ará Igbó

Lẹ́yìn àrùn kòrónà, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ní Ọgbà l'Ékòó, ni wọ́n ti tiwa pa. Pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn là ń ṣe níbẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wọ ẹgbẹ́ báyìí, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ.

Igbó kan lápá Ìjẹ̀bú ni igi wa ti ń wá. Ìjọba wá gbé igbó náà fún ilé iṣẹ́ òkèèrè kan. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀ mọ́, pé àwọn tó ń tú èéfín sójú ọ̀run nílùú òyìnbó ni yóò máa sanwó kí àwọn igi náà lè dúró, kí wọ́n máa fa èéfín náà mọ́ra. Nígbà tí igi ò wọlé mọ́, ọ̀gá wa ti ilẹ̀kùn. Alága wa, Sámúẹ́lì, tó ń lo ẹ̀rọ tó ń la igi láti ìgbà àpọ́n rẹ̀, ní àwọn ará igbó, ìyẹn àwọn ará abúlé tó wà létí igbó náà, ló tà wá.

“Wọ́n ti gba tiwọn,” ó wí. “Àwa ni ebi máa pa.”

A kó ara wa jọ, a gba ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ òkèèrè náà lọ ní GRA Ìkẹjà. A bá àwọn kan tí wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú géètì. Ará igbó náà ni wọ́n. Sámúẹ́lì kọjú sí ìyá àgbà kan láàárín wọn.

“Ìyá, ẹ ti jẹun yó. Kí lẹ tún wá gbà?”

Ìyá náà wò ó dáadáa. “Ọmọ mi, ewé mọ́ínmọ́ín ni mo ń já tà. Wọn ò jẹ́ ká wọgbó mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fáwọn ọmọ wa, àlejò ni wọ́n kó wá ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀yin ará Èkó ni wọ́n fún lówó.”

Sámúẹ́lì ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Ìyá.”

Láti ìgbà náà, a di ọ̀kan. A jọ ń pariwo títí àwọn ọlọ́pàá fi yin afẹ́fẹ́ tajútajú. Ìyá ṣubú. Sámúẹ́lì gbé e pọ̀n, ó sáré gbé e jáde sí títì, Ìyá sì yè é.

Nígbà tí agbára Sámúẹ́lì ò ká owó ilé l'Ágége mọ́, abúlé Ìyá ló lọ dáko. Òjò ń jò sí yàrá Ìyá, Sámúẹ́lì wọgbó lọ gé igi tí yóò fi tún òrùlé ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó mú un, wọ́n tì í mọ́lé. Ikọ́ tó bá jáde níbẹ̀ ló pa á.

Ohun tí a rí gbà ni pé wọ́n ti ń jẹ́ káwọn obìnrin já ewé létí igbó. Ilé iṣẹ́ wa ò ṣí mọ́. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ti di ọlọ́kadà. N ò ní kí wọ́n pa igbó run. Ooru tó ń mú wa l'Ágége ti jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ tí igi ń ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àwa tí à ń fi igbó náà jẹun léèrè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Sámúẹ́lì wá bá mi. Ilé iṣẹ́ òkèèrè náà ti kó kúrò ní GRA. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn.

“Akọ̀wé,” ó ní, “ta ni kí n lọ bá nítorí ikú ọkọ mi?”

Mo ní kó jókòó. Mo ṣí ìwé ẹgbẹ́, mo kọ orúkọ Sámúẹ́lì sójú ewé tuntun.