Àsíá Àpótí Lẹ́tà Gordy

Yìnyín. Afẹ́fẹ́. Àpótí lẹ́tà tí kò ní àsíá mọ́.

Ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì ló gbá a kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Àpótí ṣì dúró lórí òpó, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń pa dé, àmọ́ àsíá pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lọ, ó ku ihò bóòtù. Arlen Tvedt wò ó títí. Ara tù ú, ojú sì tì í pé ara tù ú.

Ó padà wọlé bá ìyàwó rẹ̀.

"Ardis, àsíá ti kán. Corliss ò ní dúró."

Corliss ló ń pín lẹ́tà lójú ọ̀nà wọn. Bí kò bá ní nǹkan fún ẹ, tí kò sì rí àsíá tó nà sókè láti fi hàn pé nǹkan wà láti gbé, kò ní tẹ bíréèkì. Mọ́tò tiwọn náà ò sì lè jáde, yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà pa.

"Páálí àyẹ̀wò rẹ yẹn ń lọ lónìí."

"Kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ìgbẹ́ wo lo fẹ́ tọ́jú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Tó bá pẹ́ kó tó dé ilé àyẹ̀wò, ó bàjẹ́ nìyẹn, àfi kó o ṣe òmíràn. Mo mọ̀ ẹ́, Arlen. O ò ní ṣe òmíràn."

Jẹjẹrẹ inú ìfun ló pa Gordy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí ewé ń wọ́, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n bá irú páálí yìí kan náà, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ nínú ìgbẹ́, lórí tábìlì ìdáná rẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣí i.

Àpótí lẹ́tà Gordy wà nínú àká wọn láti ìgbà tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀. Gbogbo nǹkan ara rẹ̀ ló pé: ilẹ̀kùn, ìdè, àsíá. Arlen fi sípánà tú àsíá náà.

Bóòtù ò bá ihò mu. Ihò fẹ̀ jù. Ó gé ìdérí agolo kọfí, ó fi ṣe wáṣà, ó dè é. Ó ti páálí sínú àpótí, ó gbé àsíá sókè. Ó ṣubú. Ó tún gbé e. Afẹ́fẹ́ tún gbá a wálẹ̀.

Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ Corliss láti ọ̀nà jíjìn.

Ó gbá àsíá mú, ó nà án sókè, ó dúró tì í.

Ọkọ̀ rọra dúró. Arlen ló ń fi bọ́ọ̀sì gbé Corliss lọ sílé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Bàbá Arlen! Ẹ̀yin gan-an lẹ wá di àsíá?"

"Mú ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ṣé kúkíìsì Màmá Ardis ni?" Ó gbé páálí sétí, ó fẹ́ mì í.

"Má mì í! Kì í ṣe nǹkan jíjẹ, jọ̀ọ́."

Ó ka ibi tó ń lọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó máa kúrò nílùú lónìí."

Ó na ọwọ́ láti tẹ àsíá wálẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti kó ẹrù tán. Ìka Arlen ṣì wà lára rẹ̀.

"Mo ti gbé e, Bàbá. Ẹ fi í sílẹ̀."

Etí gbọ́. Ọwọ́ ò gbọ́.

Ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ́rí kọ́nà ló tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àsíá Gordy já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Arlen ṣí ilẹ̀kùn àpótí, ó wo inú rẹ̀, ó tún un pa. Inú ibẹ̀ náà ni èsì àyẹ̀wò máa wá bá a.