Ọdún Tí Mo Bá ‘Thou’ Jìjàkadì

Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gbé mi ṣubú.

Bàbá mi, tó ń gbin iṣu àti àgbàdo l'Ọ̀sí, kò bínú. Àìbínú rẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kí n padà sí kíláàsì fún ọdún kan péré. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, kí n kó ẹrù mi lọ bá àbúrò òun obìnrin ní Ìlọ́fà, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Àǹtí mi tilẹ̀ ti nu eruku ara ẹ̀rọ kan sílẹ̀ dè mí. Kò sí ohun tó burú nínú aṣọ rírán; èmi ni n kò lè rán nǹkan kó gún. Bọ́tìnì tí mo bá fọwọ́ ara mi rán, kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì yóò ti já. Olùkọ́ ni mo fẹ́ ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀ kò sì ní gbà mí láìjẹ́ pé mo yege nínú lítíréṣọ̀.

Ìwé tó ń bá mi jà jẹ́ eré orí ìtàgé kan tí òyìnbó kan kọ ní ayé ọba àti idà. Ọlọ́lá kan wà níbẹ̀ tó ní ìríjú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, ‘you’ ni ìríjú yìí fi ń pe ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó di apá kẹta, ó gbọ́ pé ọ̀gá náà ló fi èrú gba ilẹ̀ bàbá òun. Láti ojú ìwé náà lọ, ‘thou’ ló ń pè é. Kò sí ọdún tí wọn kì í bèèrè nínú ìdánwò pé kí ló fa ìyípadà yìí.

Gbogbo kíláàsì wa ló ní ìdáhùn: ọ̀wọ̀ ni. Tísà wa, ọmọ apá Ọ̀yọ́ tó máa ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí yóò fi mú bí ọ̀bẹ, ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. “‘Thou’ la fi ń pe Ọlọ́run nínú Bíbélì òyìnbó,” ló wí. “Ta ló wá ga ju Ọlọ́run lọ?” Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa, ta ni yóò jiyàn? A kọ ọ́ sínú ìwé wa pé ìríjú ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó lè rí ilẹ̀ náà gbà padà. Ohun tí mo lọ kọ nínú ìdánwò àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tísà wá rí bàbá mi nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mi. Ìyá bàbá mi ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Tísà, ọ kú ọ̀nà,” ni ìyá àgbà wí. “Jókòó, ùwọ náà mu omi.”

Mo rí i tí ojú tísà yí padà. Èmi náà tún dá kún un, mo kúnlẹ̀ gba igbá ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ìyá àgbà, mo ní, “Yèyé, ó tó, sinmi, ùwọ náà.” Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sá jáde. Kò yé e pé nínú èdè ilé tiwa, a kì í fi ‘ẹ’ pe ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó dàgbà tó. Ùwọ ni àgbà, ùwọ ni ọmọdé. Ìkúnlẹ̀ wa ni ọ̀wọ̀ wa, àti pé a kì í pe àgbà lórúkọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ó ní ará oko tí kò mọ ‘ẹ’ yàtọ̀ sí ‘o’ ni wá. “Níbi tí wọ́n ti bí mi,” ló wí, “ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ ilé sọ ‘ìwọ’ sí bàbá, ẹ má bèèrè mọ́, ìjà ti dé. Ilé náà ti tú nìyẹn.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìríjú inú ìwé ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ní Sátidé, wọ́n ní kí n lọ ṣọ́ iṣu tí a sá sórí àpáta fún èlùbọ́. Mo mú ìwé náà àti pẹ́ńsù dání. Ibi tí mo bá ti rí ‘you’, mo yí òdo ká a. Ibi tí mo bá ti rí ‘thou’, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ iṣu wa yó lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà sì fi ẹnu bó mi lára, ṣùgbọ́n Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mo sì parí rẹ̀. Ọ̀gá ń pe ìránṣẹ́ ní ‘thou’, ìránṣẹ́ ń pe ọ̀gá ní ‘you’. Olólùfẹ́ méjì tó dá wà ń pe ara wọn ní ‘thou’. Wọ́n ń pe Ọlọ́run náà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ wọn, bí ìyá àgbà ṣe súnmọ́ mi. Ìríjú kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti bọ́ ọ̀wọ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ jà.

Inú mi dùn débi pé mo fò sókè lórí àpáta.

Mo gbé ìwé náà tọ tísà lọ ní ọjọ́ Ajé. Kò tilẹ̀ ṣí i. “Ìwọ!” ló wí. “Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi?” Ó wà lẹ́nu mi pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ó ní kí n lọ gé koríko lẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tí a ṣe mọ́ọ̀kì, ìdánwò tí a fi ń dán ara wa wò, mo kọ ohun tí mo rí. Òdo ló fún mi lórí ìbéèrè náà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹyin tòlótòló.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì bẹ̀ mí. Ó ní, “Ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Àbí Ìlọ́fà ń wù ọ́?”

Ìlọ́fà kò wù mí. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ojú ara mi kà á. Nígbà tí ìdánwò gidi dé, mo rí ìbéèrè náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbínú ni, mo sì to ẹ̀rí mi jọ láti apá kìíní dé apá ìkẹyìn.

Àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí ohun tí ọmọ àgbẹ̀ ń wá nínú ìwé àwọn òyìnbó tó ti kú tipẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mi. Ìwé tó ti gbó kò sọ pé òun le. Àwa ni a jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa kà á. Ẹni tó bá ní sùúrù tó sì ní àgídí, yóò bá ará ilé rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

Wọ́n lẹ àbájáde mọ́ pátákó ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo yege, ó sì dára ju bí mo ti rò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tísà wá sílé wa. Kò jókòó. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

“Ẹ jọ̀wọ́,” ló wí, “ẹ yá mi ní ìwé yín, èyí tí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí. Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀.”

Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá bàbá mi ló dúró síbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.