Ọjọ́ tí Wọ́n Yìnbọn Pa Sájẹ́ntì

Bámiṣayọ̀ kò wọ àgọ́ ọlọ́pàá rí láyé rẹ̀. Ọmọ Kàbà ni, yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ọjà àga ní Kugbo, aáyán lásán sì ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, ní aago méje ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, òun ni Sájẹ́ntì nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan tó dá lórí obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì. Insipẹ́kítọ̀ ló ń ronú. Sájẹ́ntì ló ń gbá ilẹ̀kùn. Bí ọ̀daràn bá bi í pé, "Ta nìyẹn?" á dáhùn pé, "Ọlọ́pàá," ohùn rẹ̀ á sì mi gbogbo ilé.

Ògiri kan ló wà láàárín òun àti Jàbárù, tó ń fi fáníìṣì kun àga. Jàbárù a máa lu Khàdíjàt ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń lu bàrà. Nígbà tó sú Khàdíjàt, ó di ẹrù, ó ní òun ń padà sọ́dọ̀ bàbá òun ní Ìlọrin. Bámiṣayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ Sájẹ́ntì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Inú bí i, ó gbá ilẹ̀kùn Jàbárù.

"Ta nìyẹn?"

"Ọlọ́pàá."

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni Jàbárù. Ó mọ̀ pé eré ni. Òun gan-an ló ni tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé fi ń wò ó. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ti rí i tí obìnrin yìí fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ọkùnrin bí i mẹ́jọ, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Tú ẹrù ẹ," Bámiṣayọ̀ sọ fún Khàdíjàt. "Mo wà níbí."

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Fún oṣù mẹ́rin gbáko, a kò gbọ́ igbe. Khàdíjàt sanra. Ká sòótọ́, orí Bámiṣayọ̀ wú, ó ń rìn nínú ọgbà bí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́.

Ni ọ̀gá tó ń darí eré bá sọ fún un pé wọn yóò yìnbọn pa Sájẹ́ntì, kí omi lè bọ́ lójú àwọn òǹwòran. Bámiṣayọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n rán òun lọ sí ìlú òyìnbó, kí wọ́n sọ òun sẹ́wọ̀n, kí wọ́n má ṣáà pa òun. Ọ̀gá rò pé iṣẹ́ tó ń bọ́ ló ń dùn ún. Ó yẹ kí Bámiṣayọ̀ sọ fún Khàdíjàt pé kó tètè máa lọ sí Ìlọrin. Kò sọ ọ́. Ojú ń tì í.

Ní Sátidé yẹn, gbogbo ilé pé síwájú tẹlifíṣọ̀n Jàbárù. Sájẹ́ntì ṣubú, Insipẹ́kítọ̀ pa ojú rẹ̀ dé, àwọn obìnrin ń sunkún. Khàdíjàt kò sunkún. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Jàbárù yíjú sí Bámiṣayọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

"Kai, Sájẹ́ntì," ó ní, "ẹ mà ti kú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, igbe gba ara ògiri wọlé. "Sájẹ́ntì o! Sájẹ́ntì!" Khàdíjàt kò tilẹ̀ pe Àǹtí. Bámiṣayọ̀ sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn. Aṣọ Sájẹ́ntì ti padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ó gbá ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

Ó wo aṣọ ilé tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Èmi Bámiṣayọ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn. Jàbárù yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.