Ẹni Tó Kọ́ Màmá Ìfọṣọ Ní Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó, ẹ dé yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, kí ẹ béèrè Màmá Ìfọṣọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń fa aṣọ ibùsùn tútù jáde látinú ẹ̀rọ, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ké ju ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀gá fún yàrá náà, ẹni tí yóò máa jókòó kọ̀wé, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Bí kò bá yege, ẹ̀yìn ríro ni títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Akọ̀wé, ọmọbìnrin tó ń to fáìlì ní ọ́fíìsì òkè, ló ní òun á máa kọ́ ọ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Oṣù mẹ́rin gbáko, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Oúnjẹ tirẹ̀ á sì máa tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù.

"Me" àti "myself" ló fẹ́ẹ̀ dá wọn dúró. Màmá kì í kọ "me" rárá.

"Ó ti kúrú jù," ló wí. "Àfi bí ẹni ń kí àgbà lórí ìdúró. 'Myself' ló lọ́wọ̀ nínú."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí, ó na aṣọ ìnujú sí i. "Màmá, ẹ nu òógùn ojú yín." Màmá nù ún. "Ọwọ́ yín ló padà sára yín, 'myself' nìyẹn." Ó gba aṣọ náà, ó bá a nu èyí tó kù. "Ọwọ́ tèmi ló kàn yín báyìí, 'me' lẹ ó kọ. Kò sọ́rọ̀ ọ̀wọ̀ níbẹ̀."

"Gẹ̀ẹ́sì yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ni Màmá wí, àmọ́ ó yé e.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè tó kẹ́yìn ní kí kálukú sọ bó ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn fẹ́ràn ẹni tó dá kọ́ ara rẹ̀. Kò sí ìpàdé tí kì í ti í wí i. Màmá kọ "I taught myself", pé òun ló kọ́ ara òun. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ó wá rántí oúnjẹ tútù ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù, ojú tì í. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé òun náà á wá dolè lọ́jọ́ ogbó? Ó fagi lé e, ó kọ "The girl upstairs taught me", pé ọmọbìnrin òkè ló kọ́ òun. Bí iṣẹ́ bá bọ́, kó bọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ẹ̀yin ni wọ́n mú, Màmá." Ó sún mọ́ ọn. "Èmi ni mo to ìwé yín sí fáìlì. Mo rí èyí tí ẹ fagi lé, mo sì rí èyí tí ẹ kọ."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Mi ò mọ̀ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tán." Omijé ti dé. Kó tó gbé ọwọ́ sókè, Akọ̀wé ti mú aṣọ ìnujú, ó ń bá a nu ojú.