Aṣọ Orí Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ìyá Alágbàfọ̀, èmi ló ń bínú sí. Mo wá kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ilé ààbò tí wọ́n ń gba àwọn obìnrin aláìnílé àti ọmọ wọn sí, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan láti fi ẹsẹ̀ sinmi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Tíṣà, ẹ dìde níbẹ̀. Ilé onílé lẹ jókòó sí yẹn."

Mo rò pé àwàdà ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Òun ló ń fọ gbogbo aṣọ ilé náà, òun náà ló sì dá àṣà kan sílẹ̀ níbẹ̀: bẹ́ẹ̀dì tí aṣọ bá wà lórí rẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín, èyí tí òun bá ká aṣọ rẹ̀ ló ṣófo. Aṣọ tó bá dé yàrá ìfọṣọ ni akọ̀wé fi ń mọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ìgbà náà, wọn ò fi obìnrin méjì sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Alágbàfọ̀ ti lo tirẹ̀ rí, nígbà tí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun àti ọmọ ọwọ́ síta. Ọjọ́ tó pé, wọ́n ká aṣọ, ó pọn ọmọ, ó lọ sùn ní ibùdókọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í sunkún bó bá ń sọ ọ́. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè ló ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀sẹ̀ méjìlá pé fún obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kẹfà àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ó ti rí yàrá. Onílé ṣì ń kun ún lọ́dà, ó ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ní Ẹtì tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó ń fún ilé náà lẹ́bùn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀dì òfo tí yóò mọ́ nínú fọ́tò. Ẹ gbọ́ o: nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún aláìnílé, bẹ́ẹ̀dì tí kò sí èèyàn lórí rẹ̀ ló wù wọ́n láti fi han àlejò.

Ọ̀gá ní kí Ìyá Alágbàfọ̀ ká aṣọ náà kó tó di ọ̀sán. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán aṣọ náà mọ́ fóòmù yíká. Àbúrò nínú àwọn ọmọ náà ń bá a di etí aṣọ mú.

Igun kẹta ló wà nígbà tí ọ̀gá wọlé tó bi í pé kí ló ń ṣe.

"Iṣẹ́ mi ni, ọ̀gá. Ẹ ní kí n ká a. Kò ṣeé ká mọ́."

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ òfin ilé yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dá ti aṣọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣófo, ẹ fi ọwọ́ ara yín tú u lójú àwọn ọmọ yìí. Ẹ ò ní fi ọwọ́ tèmi lé èèyàn síta."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí òwú náà. Ọmọ náà wò ó. Ọ̀gá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó jáde. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, n kò sọ nǹkan kan. Títí dòní, inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ náà jókòó ti ìwé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Àwọn àlejò ya fọ́tò ògiri àti fèrèsé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá wọn gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ tú òwú náà, ó ká aṣọ, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ gba ìwé tó ti ń dúró dè é lórí tábìlì akọ̀wé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ó ba fóòmù jẹ́, nítorí náà wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń lọ̀ níbẹ̀, láti aago méje àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.